Ǹjẹ́ Ẹ̀rọ Géèmù Nílò Wi-Fi Tó Túbọ̀ Yára Nínú Ilé?

Ìfáàrà
Iṣẹ́ yìí tú iṣu désàlẹ̀ ìkòkò lórí ìbéèrè kan tí ó ń ná àwọn òbí lówó: bí géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń fà, ṣé ráútà tuntun ni kí a rà? Èrò wa ni pé ohun tí a ń fi ẹ̀rọ náà ṣe ni yóò sọ ìdáhùn.

Ìdàgbàsókè Ẹ̀rọ Náà
PlayStation 3, tí ó jáde ní ọdún 2006, ń lo Wi-Fi tí agbára rẹ̀ kò ju mẹ́gábíìtì 54 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ìlò gan-an, nǹkan bí 20 ni ọwọ́ máa ń tẹ̀. PlayStation 5 (2020) gba Wi-Fi 6. PlayStation 5 Pro (2024) sì gba Wi-Fi 7. Agbára ti pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé agbára ni ìṣòro náà?

Ohun Méjì Tí A Kò Gbọdọ̀ Dà Pọ̀
Èkíní ni ìwọ̀n ẹrù tí ọ̀nà lè gbà. Èkejì ni àkókò tí iṣẹ́ tí a rán fi ń lọ tí ó sì fi ń bọ̀.

Bí a bá ń gba géèmù tí ó tó gígábáìtì 100 sórí ẹ̀rọ, ẹrù ni. Ní mẹ́gábíìtì 20, yóò gbà tó wákàtí 11. Ní 100, wákàtí 2 lé díẹ̀. Wi-Fi tó yára wúlò níbí, bí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó wọ ilé bá yára tó o. Bí èyí tí a ń sanwó fún kò bá ju 20 lọ, Wi-Fi 7 kò lè sọ ọ́ di 100.

Nígbà tí a bá ń ta géèmù pẹ̀lú ẹlòmíràn, ohun tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ kéré púpọ̀. Kì í sábà tó mẹ́gábíìtì 1. Àkókò ni ó ṣe kókó. Láti Èkó dé London tó nǹkan bíi kìlómítà 5,000. Nínú wáyà onígíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, àlọ àti àbọ̀ kò lè dín sí ìdá 50 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ráútà yòówù kí a rà. Ọ̀nà tí ó fẹ̀ kò sọ ibi tí ó jìnnà di ìtòsí.

Ìṣòro Inú Ilé
Àwọn ẹ̀rọ tí ó wà lórí ìgbì Wi-Fi kan náà ń gba ọ̀rọ̀ sọ lẹ́nu ara wọn ni. Bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, ìyókù ń dúró. Ìgbì 2.4 GHz ni ààrò máíkíróweefù àti Bluetooth náà ń lò. 5 GHz kò ní èrò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri tètè ń dí i lọ́wọ́. Ìdúró yìí ni ó ń mú kí géèmù máa ta kọ́sẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Kí a tó náwó, ẹ jẹ́ kí a fi wáyà so ẹ̀rọ géèmù mọ́ ráútà. Bí ìfà náà bá dópin, inú ilé ni àìsàn wà: a lè fi wáyà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí kí a sún ráútà mọ́ ẹ̀rọ. Bí kò bá dópin, kì í ṣe Wi-Fi ni ó fà á, Wi-Fi kò sì lè wò ó sàn. Olùkọ́ tí ó bá lè la ìyàtọ̀ yìí yé akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́ ọ ní ìmọ̀ tí ó ju ti géèmù lọ.