Bí Wákàtí Lárúbáwá Ṣe Di Sáà Gómìnà l'Ékìtì

Ní Odò-Ọwá Èkìtì, ìjọba ìbílẹ̀ Ìjerò, bí ẹnìkan bá ní sáà gómìnà ti ń tán lọ, ọdún mẹ́rin ló ń wí. Sáà kìíní Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ó parí ní 2014. Èkejì bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ó parí ní 2022. Bẹ́ẹ̀, èdè Lárúbáwá ni "sáà" ti wá, wákàtí kan tàbí ìgbà díẹ̀ péré ló sì jẹ́ níbẹ̀. Èyí tó tún pani lẹ́rìn-ín ni pé "wákàtí" tiwa náà, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá la ti yá a, láti ara "waqt", tó jẹ́ àkókò lásán tí kò ní ìwọ̀n. A gba méjèèjì wọlé, a wá pààrọ̀ iṣẹ́ fún wọn.

Kí ló fà á? Ọ̀rọ̀ tí a yá kì í gbé ìwé atúmọ̀ èdè dání wọ̀lú. Ẹnu oníṣòwò Haúsá àti àwọn mùsùlùmí ló bá wá. Ibi tí wọ́n ti ń lò ó lẹni tó gbọ́ ọ fi ń mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kò sì bá ilé lófo. Ìgbà ti wà nílẹ̀, àkókò náà ti wà. Lójú tèmi, ìyẹn ni wákàtí kò fi ríbi jókòó àfi ẹ̀gbẹ́ aago.

Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ kan a là sí méjì. Ààfáà ni ti mọ́ṣáláṣí, àlùfáà ni ti ṣọ́ọ̀ṣì; ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ọ̀dọ̀ àwọn mùsùlùmí ni wọ́n ti wá. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tú Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọn ò wá orúkọ tuntun fún iṣẹ́ Áárónì. Wọn ò pè é ní babaláwo, wọn ò pè é ní àwòrò. Àlùfáà tó ti wà lẹ́nu ará ìlú ni wọ́n mú. Àdúrà àti ìwàásù bá a wọlé. Ìdí nìyí tí ọmọ ìjọ Áńgílíkà l'Ékìtì fi lè ṣe ìsìn láti òwúrọ̀ dọ́sàn-án pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mùsùlùmí lẹ́nu, kó má tilẹ̀ fura.

Àwa náà ti yá ayé lọ́rọ̀. Agbádá bá àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú dé Bahia ní Bràsíìlì, ó di "abadá". Tiwa ni aṣọ ńlá tí à ń ká sí èjìká lóde ìnáwó. Láti nǹkan bí ọdún 1990 síwájú, ẹ̀wù pelebe tí wọ́n ń tà nígbà àjọ̀dún Carnaval ló ń jẹ́ abadá ní Salvador, olú-ìlú Bahia: ẹni tó bá rà á ló lè bá ẹgbẹ́ olórin jó nínú okùn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ dì mú, ẹni tí kò ní in, ẹ̀yìn okùn ni tirẹ̀. Àwọn eléré capoeira, eré ìjà oníjó ti Bràsíìlì, tún ṣe tiwọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣòkòtò ni wọ́n ń pè ní abadá.