Ìdí tí àárò ìwé ìtàn ọkọ̀ ojú irin fi ń sọ àwọn àgbà Gẹ̀ẹ́sì

Bí ènìyàn bá dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í pẹ́ tí yóò fi rí àgbàlagbà kan tí irun orí rẹ̀ ti funfun, tí yóò mú ìwé pẹlẹbẹ kékeré kan, tí yóò ṣí i, tí ẹ̀rín músẹ́ yóò sì gba ẹnu rẹ̀. Ìwé ọmọdé ni ìwé náà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin kan tó ní ojú, imú àti ẹnu bíi ti ènìyàn ni wọ́n yà síbẹ̀. Thomas ni orúkọ ẹ́ńjìnnì yìí. Òun pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, Edward, Henry, Gordon, James àti Percy, ni ọ̀pọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ ìwé kíkà láti ọdún 1945 wá.

Ẹni tó bá ń wo ọ̀rọ̀ náà lókèèrè lè pè é ní eré àgbà tó fẹ́ padà di ọmọdé. Ó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àkókò tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ka ìwé náà lọ́wọ́ gan-an ni ìjọba ilẹ̀ wọn ń kó irú ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń gé irin àlòkù. Kí àwọn ọmọ náà tó gòkè àgbà, ọkọ̀ elédùú ti tán lójú irin ìjọba, ìwé nìkan ló kù lọ́wọ́ wọn. Àárò ohun méjì ló pa pọ̀ di ẹyọ kan: àárò ìgbà èwe, àti àárò ọkọ̀ tí wọ́n fi ojú ara wọn rí kó tó di ohun àtijọ́.

Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni ẹni tó kọ àwọn ìwé náà, Wilbert Awdry ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1911 ni wọ́n bí i sí Ampfield, ní ìgbèríko Hampshire. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀ náà, ó sì fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin débi pé ọ̀rẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni. Wilbert ṣì kéré nígbà tí ìdílé wọn kó lọ sí Box, ní Wiltshire, sí ilé kan tí kò jìnnà sí ojú irin. Òkè kan wà níbẹ̀ tí ojú irin ń gùn, tí ó sì gba inú ihò gígùn kan kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù tí ẹrù rẹ̀ bá wúwo kò lè dá gun òkè náà. Nítorí èyí, wọ́n máa ń fi ẹ́ńjìnnì kan dúró nísàlẹ̀ òkè láti máa ti irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn.

Lóru, ọmọ náà yóò wà lórí ibùsùn, yóò gbọ́ fèrè ẹ́ńjìnnì iwájú, yóò gbọ́ ti ẹ̀yìn tó dá a lóhùn, lẹ́yìn náà ni méjèèjì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle bí wọ́n ti ń gòkè. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Ti iwájú ń ráhùn pé agbára òun kò gbé e, ti ẹ̀yìn ń gbà á níyànjú pé yóò gbé e. Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu. Àwọn tó ń gbọ́ oríkì bàbá wọn lẹ́nu ìlù dùndún kò ní bi àlùfáà pé báwo ni irin ṣe ń fọhùn. Àwọn àgbà tó dàgbà lẹ́bàá ojú irin ní Abẹ́òkúta tàbí Ọ̀ṣogbo, nígbà tí èédú ṣì ń wa ọkọ̀ níhìn-ín, mọ̀ pé ohùn ọkọ̀ tó ń gòkè yàtọ̀ pátápátá sí ti èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì ló bá Awdry ní Birmingham, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ àlùfáà. Ní ọdún 1943, èéyi mú ọmọ rẹ̀, Christopher, tí kò ju bí ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Yàrá tó ṣókùnkùn ni wọ́n máa ń fi ọmọ tó ní èéyi sí láyé ìgbà náà, kò sì sí ohun tí ọmọdé lè fi ṣeré níbẹ̀. Bàbá jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìtàn ẹ́ńjìnnì kan tí inú rẹ̀ bàjẹ́ nítorí pé wọn kì í mú un jáde. Ọmọ ní kó tún un pa. Bàbá tún un pa. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá ṣi gbólóhùn kan pa dà, ọmọ á dá a dúró pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà rí lánàá. Nítorí ìdààmú yìí ni àlùfáà ṣe mú bébà, tó kọ ìtàn náà sílẹ̀. Àwọn òbí tó ti pàlọ́ fún ọmọ rí yóò mọ irú wàhálà tí à ń sọ.

Ìyàwó rẹ̀, Margaret, ni kò jẹ́ kí bébà náà sọnù. Ó tẹnu mọ́ ọn títí tí wọ́n fi rí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́, Edmund Ward ti ìlú Leicester, ìwé àkọ́kọ́ sì jáde ní ọdún 1945. Ìtàn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Nínú ọ̀kan, Gordon agbéraga kò lè gun òkè, Edward tó kéré sí i ló tì í lẹ́yìn gòkè. Ohun tí ọmọ kan gbọ́ lóru ní Box ló ti di ìtàn yẹn. Nínú òmíràn, Henry kọ̀ láti jáde kúrò nínú ihò abẹ́ òkè nítorí kí òjò má baà ba ọ̀dà ara rẹ̀ jẹ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n tì í, ó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n bá mọ ògiri dí i mọ́ inú ihò. Ẹ wo bí ìyà yìí ti le tó fún ìwé ọmọdé! Ọ̀pọ̀ àgbà ló ti gbàgbé ìtàn yòókù, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé ojú Henry lẹ́yìn ògiri náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tú u sílẹ̀ nígbẹ̀yìn láti gba Gordon sílẹ̀ nígbà tí Gordon bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Thomas kò sí nínú ìwé àkọ́kọ́ rárá. Ẹ́ńjìnnì onígi tí Awdry gbẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ló di Thomas, ìwé kejì tó jáde ní 1946 ló sì fi í han ayé.

Bí wọ́n ṣe ṣe ìwé náà wà lára ohun tó mú un wọ inú ọkàn. Kékeré ni, ọwọ́ ọmọdé ká a. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà lójú ewé òsì, àwòrán aláwọ̀ mèremère wà ní ọ̀tún, ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà lè máa wo ọ̀tún bí bàbá tàbí ìyá ti ń ka òsì. Awdry kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin ṣeré. Ó ní òfin kan: ohun tí kò bá ti ṣẹlẹ̀ rí tàbí tí kò lè ṣẹlẹ̀ lójú irin gidi, kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé. Ọ̀rọ̀ àwòrán pàápàá dá ìjà sílẹ̀. C. Reginald Dalby tó ń yàwòrán fún un kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1956, lẹ́yìn tí Awdry sọ pé Percy tó yà jọ kòkòrò tútù tó ń jẹ ewé, tí ìlà pupa wà lára rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú òfin yìí. Ní ọdún 1952, ó lọ ṣe iṣẹ́ gáàdì láìgba owó ní rélùwéè Talyllyn, ní Wales. Lọ́jọ́ kan, ó fún ọkọ̀ láṣẹ láti gbéra, ó sì gbàgbé obìnrin tó ń ta tíì àti ìpápánu fún àwọn èrò sẹ́yìn. Ní 1955, obìnrin náà jáde nínú ìwé rẹ̀, ó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, ó ń pariwo. Ẹ́ńjìnnì ni àlùfáà di ẹ̀bi rù, kì í ṣe gáàdì.

Talyllyn yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yí padà kúrò ní ti ìwé nìkan. Òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé ni ojú irin kékeré náà ń kó láti ọdún 1865. Nígbà tí ẹni tó ni ín kú ní 1950, gbogbo ènìyàn rò pé ó ti parí. Àwọn kan kóra jọ ní Birmingham, L.T.C. Rolt tó jẹ́ òǹkọ̀wé wà lára wọn, wọ́n ní àwọn yóò máa fínnúfíndọ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ní 1951, ọkọ̀ gbéra lábẹ́ wọn. Kò sí ibi tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí lágbàáyé.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lásìkò. Nígbà tí ìjọba gba rélùwéè gbogbo ilẹ̀ náà ní 1948, ẹ́ńjìnnì elédùú tó wà níbẹ̀ tó 20,000. Ní 1955, ìjọba pinnu láti fi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àti ti iná mànàmáná rọ́pò wọn. Ní 1963, ìròyìn tí Richard Beeching kọ dámọ̀ràn pé kí wọ́n ti ibùdókọ̀ tó lé ní 2,000 pa, kí wọ́n sì pa nǹkan bí ìdá mẹ́ta ojú ọ̀nà irin rẹ́. Ìdí wà fún un: ọkọ̀ títì ti gba èrò, rélùwéè ń jẹ gbèsè, èédú sì ń fi èéfín ba ìlú jẹ́. Ní 11 Oṣù Kẹjọ, ọdún 1968, ọkọ̀ elédùú ìkẹyìn tó ń kó èrò fún ìjọba lójú irin gbogbogbòò kúrò ní Liverpool, ó lọ sí Carlisle, ó padà, ó parí.

Ní ọdún yẹn kan náà ni Awdry tẹ ìwé kan jáde tí ẹ́ńjìnnì kan tó ń jẹ́ Oliver fi ń sá fún ikú nínú rẹ̀. Òru ló ń rìn, ó ń fara pamọ́ lọ́sàn-án, èédú rẹ̀ tán sọ́nà, kí Douglas tó rí i kó sì wọ́ ọ lọ sí erékùṣù Sodor. Ọ̀rọ̀ Sodor yìí dùn púpọ̀. Orúkọ agbègbè bíṣọ́ọ̀bù kan nínú ìjọ Áńgílíkà ń jẹ́ Sodor àti Man. Awdry rí i pé erékùṣù Man wà, ti Sodor kò sí, ó bá dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀, òun àti àbúrò rẹ̀ ya àwòrán ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì kọ ìtàn rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni ọkọ̀ elédùú kò ti kú. Ọmọ tó ka ìtàn Oliver ní 1968 lè yọjú lójú fèrèsé, kó rí i pé ọ̀rọ̀ inú ìwé kì í ṣe àlọ́.

Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ dàgbà, wọ́n sì lówó lọ́wọ́. Ní Barry, ní gúúsù Wales, oníṣòwò irin àlòkù kan, Dai Woodham, ra ẹ́ńjìnnì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 láti gé. Ó rí i pé àwọn kẹ̀kẹ́ ẹrù rọrùn láti gé jù wọ́n lọ, ó bá fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí wọ́n máa dípẹtà nínú afẹ́fẹ́ òkun. Àwọn ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó jọ, wọ́n ń rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti 1968 títí di 1990, ẹ́ńjìnnì 213 ló jáde láàyè níbẹ̀. Irọ́ ni bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ìwé Awdry nìkan ló ṣe é. Àwọn kan fẹ́ràn irin ṣáá, àwọn kan jẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè. Fíìmù náà dá sí i, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe ní 1970 láti inú ìwé E. Nesbit ti ọdún 1906 lórí àwọn ọmọ mẹ́ta tó ń gbé lẹ́bàá ojú irin, ojú irin kan tí àwọn aláìgbowó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí padà ní 1968 ni wọ́n sì ti yà á. Síbẹ̀, Awdry kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí bébà. Ní 1963, ó fi odidi ìwé kan pọ́n Stepney, ẹ́ńjìnnì gidi tí àwọn ẹgbẹ́ Bluebell gbà là ní Sussex, kí àwọn ọmọdé lè mọ̀ pé ibì kan wà tí wọ́n ti lè lọ fọwọ́ kàn án.

Àárò kì í rí gbogbo nǹkan, ó yẹ kí á sọ èyí náà. Nínú ìwé tó jáde ní 1951, àwọn ọmọkùnrin kan sọ òkúta lu Henry láti orí afárá, Henry bá sín èédú lé wọn lórí. Láti sọ bí ara wọn ṣe dúdú tó, òǹkọ̀wé lo ọ̀rọ̀ èébú tí àwọn òyìnbó fi ń pe ènìyàn dúdú. Ó tó àwọn ọdún 1970 kí wọ́n tó yọ ọ́, tí wọ́n fi ẹyọ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí èédú ẹ̀yìn ìkòkò rọ́pò rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ló gbé ọmọ wọn fún ìdílé òyìnbó láti bá wọn tọ́. Ọmọ dúdú tí wọ́n bá ka ìtàn yẹn fún nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè gbọ́ ọ bí ọmọ tó jókòó tì í ṣe gbọ́ ọ. Àwọn tó ń ra ẹ̀dà àtijọ́ lónìí ṣì lè pàdé ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀.

Ìwé 26 ni Awdry kọ kó tó dáwọ́ dúró ní 1972. Christopher, ọmọ tí èéyi mú, ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti 1983 títí di 2011. Ní 1984, Britt Allcroft gbé ìtàn náà dé orí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, Ringo Starr tó ti lùlù fún ẹgbẹ́ Beatles ló ń sọ ọ́. Láti ìgbà náà ni Thomas ti di ti gbogbo ayé, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2018, ẹ́ńjìnnì obìnrin kan láti Kenya, Nia, wọ inú ẹgbẹ́ náà. Ní 2021, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ di àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń fò sókè kúrò lójú irin, àwọn àgbà sì figbe ta. Wọn kò jẹ̀bi, nítorí ọkọ̀ tí kò wúwo mọ́ kì í ṣe èyí tí Awdry gbọ́ lóru.

Ó kú ní ọdún 1997. Wọ́n kó tábìlì àti ìwé inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní ibùdókọ̀ Talyllyn ní Tywyn. Ọ̀pọ̀ àwọn rélùwéè tí àwọn ẹgbẹ́ gbà là ló sì máa ń ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún Thomas lọ́dọọdún, tí wọ́n á fi ojú àti ẹnu sí iwájú ẹ́ńjìnnì búlúù kan. Bàbá àgbà ló máa ń mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà wà lára ohun tí wọ́n fi ń ra èédú, tí wọ́n sì fi ń tún ìkòkò omi gbígbóná inú àwọn ẹ́ńjìnnì yòókù ṣe.