Ojú Ta Ni Aṣojú Ń Ṣe? Ọ̀rọ̀ Ìbò Aṣòfin ní Ilẹ̀ Atakpamé

Ní èdè wa, ẹni tí a bá rán lọ sí Ilé Aṣòfin ni à ń pè ní aṣojú. Orúkọ náà ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: ojú tiwa kò lè dé Lomé lójoojúmọ́, nítorí náà a rán ẹnìkan kí ó máa bá wa wò, kí ó máa bá wa gbọ́, kí ó sì padà wá jíṣẹ́. Faransé ń pè é ní député, ẹni tí a yàn rán níṣẹ́. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì lé ìwọ̀n, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n òfin ní ohùn tirẹ̀. Òfin-ìpìlẹ̀ ti 1992, èyí tí ó ṣe àkóso Tógò fún ọdún tí ó lé ní 30, sọ nínú abala 52 pé aṣojú orílẹ̀-èdè lápapọ̀ ni aṣòfin kọ̀ọ̀kan, àti pé asán ni àṣẹ yòówù tí àwọn olùdìbò bá fẹ́ fi dè é. Lójú òfin, ẹni tí Ogou bá dìbò fún kì í ṣe ojú Ogou nìkan. Ojú ta ni ó wá ń ṣe?

Ẹnìkan lè sọ pé àríyànjiyàn àwọn amòfin nìyẹn. Ó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 2024 tí Òfin-ìpìlẹ̀ tuntun ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, aráàlú kò dìbò yan Ààrẹ mọ́. Ilé Aṣòfin àti Sẹ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń jókòó papọ̀ yan Ààrẹ Orílẹ̀-èdè fún ọdún 4. Agbára ìjọba gan-an sì wà lọ́wọ́ Olórí Ìgbìmọ̀ Mínísítà, président du Conseil, tí í ṣe olórí ẹgbẹ́ tí ó ní ìjókòó jù lọ ní Ilé Aṣòfin. Ìbò aṣòfin, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń wò gẹ́gẹ́ bí àbúrò ìbò Ààrẹ, ni ó di ẹ̀gbọ́n báyìí.

Ilẹ̀ Atakpamé kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láàárín àwọn òkè wọ̀nyí, ní Djama, ní Gnagna àti ní Woudou, Ifẹ̀ tí àwọn aládùúgbò ń pè ní Ana àti Ewé ti ń gbé pọ̀ láti ayébáyé. Ìlú yìí náà ni wọ́n bí Nicolas Grunitzky sí ní 1913. Baba rẹ̀ wá láti Yúróòpù, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí. Ní 1951 ó di aṣojú Tógò ní Ilé Aṣòfin Faransé ní Paris. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i: ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń ṣe ojú gbogbo Tógò níbẹ̀, nínú ilé tí àwọn aṣòfin rẹ̀ lé ní 600. Ní 1956, nígbà tí a sọ Tógò di orílẹ̀-èdè olómìnira díẹ̀ lábẹ́ Faransé, òun ni ó di olórí ìjọba.

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin 1958 ni aráàlú fúnra wọn dáhùn. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni ó bójú tó ìbò náà, Max Dorsinville ọmọ Haiti ni wọ́n sì rán wá láti ṣe olórí àwọn alábòójútó. Gbogbo àgbàlagbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Nínú ìjókòó 46, ẹgbẹ́ CUT ti Sylvanus Olympio gba 29. Ẹgbẹ́ Grunitzky, tí ó wà lórí oyè, gba 3. Ìdí tí a fi ń rántí ìbò yẹn kì í ṣe pé ẹnìkan jáwé olúborí. Ẹni tí ó ń ṣèjọba ni ó sọ ìjọba nù nínú àpótí ìbò, ó sì gbé e sílẹ̀.

Ohun tí ó tẹ̀lé e kò pẹ́ kí ó tó yí padà. Ní 1961, ẹgbẹ́ Olympio nìkan ni ó kó gbogbo ìjókòó 51. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun pa Olympio ní oṣù Kìíní 1963, Grunitzky padà wá ṣe Ààrẹ, ìwé orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì gbé síwájú olùdìbò ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, orúkọ 56 fún ìjókòó 56. Olùdìbò Atakpamé lè gbà á tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tí ó lè ṣà nínú rẹ̀. Eyadéma gba ìjọba ní 1967, ẹgbẹ́ RPT sì di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990.

Ìgbà kan wà tí a dìbò fún ènìyàn. Ní 1994, ní 1999 àti ní 2002, àgbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan ń yan ẹnìkan, a mọ orúkọ rẹ̀, a mọ ilé baba rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá ṣe ohun tí kò dára, a mọ ẹni tí a ó bá wí.

A kò lè fo ọdún 2005 kọjá. Lẹ́yìn ìbò Ààrẹ ti oṣù Kẹrin ọdún yẹn, Atakpamé wà lára àwọn ìlú tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn jù. Ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé àwọn tí ó kú káàkiri Tógò tó 400 sí 500. Àwọn ìdílé kan nílùú yìí ṣì ń dúró de ìdájọ́. Nínú ìrora yẹn ni àdéhùn oṣù Kẹjọ 2006 ti wáyé láàárín àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀nà ìdìbò sì yí padà: láti 2007, ìwé orúkọ ẹgbẹ́ ni à ń dìbò fún, a sì ń pín ìjókòó gẹ́gẹ́ bí ìbò tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní. Ẹgbẹ́ ni ó ń to orúkọ. Ẹni tí a kọ sókè ni ó ń kọ́kọ́ wọlé.

Ìpín ní ìbámu pẹ̀lú ìbò: ó dùn-ún gbọ́. Ẹ bá wa ṣe ìṣirò kékeré kan. Kí àgbègbè kan ní ìjókòó 3, kí ìwé orúkọ mẹ́ta pín ìbò 100 báyìí: 50, 30, 20. Ọ̀nà tí à ń lò ni pé a ó pín ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí 1, sí 2, sí 3, a ó sì mú àwọn iye tí ó ga jù: 50, 30, 25. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ gba 2, èkejì gba 1. Ogún ènìyàn nínú ọgọ́rùn-ún kò ní ojú kankan. Bí ìjókòó bá jẹ́ 11, ẹgbẹ́ kẹta ìbá gba 2. Ìwọ̀n àgbègbè náà ni ó dá wọn lẹ́jọ́, kí ìbò tó sọ̀rọ̀. Ní 2007, RPT ní nǹkan bí ìbò 39 nínú ọgọ́rùn-ún, UFC ní 37. Ṣùgbọ́n RPT gba ìjókòó 50, UFC gba 27. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni jí àpótí kí irú èyí tó ṣẹlẹ̀.

Ta ni ó wá ni ìjókòó náà? Ní oṣù Kọkànlá 2010, aṣòfin 9 tí wọ́n wọlé lórí ìwé orúkọ UFC pàdánù ipò wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá Jean-Pierre Fabre lọ sí ẹgbẹ́ ANC. Ìwé ìfipòsílẹ̀ tí wọ́n ti fọwọ́ sí ṣáájú ni a fi yọ wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń pariwo pé àwọn kò fipò sílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ CEDEAO sọ ní oṣù Kẹwàá 2011 pé a ti tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú. Síbẹ̀ wọn kò padà sí ìjókòó wọn. Òfin ní kí olùdìbò má ṣe de aṣòfin lọ́rùn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Níbí ni àwa rò pé àṣìrí ọ̀rọ̀ náà wà. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Nàìjíríà, níbi tí àgbègbè 32 ti ń yan ẹnìkan ẹnìkan, òfin gba olùdìbò láyè láti pe aṣòfin padà wálé, bí iye tí ó ju ìdajì àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Ó ṣòro gan-an láti ṣe, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn náà wà lára ògiri.

Àwọn aṣòfin tí wọ́n wọlé ní oṣù Kejìlá 2018, nínú ìbò tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alátakò kọ̀ láti bá wọn dá sí, ni wọ́n fọwọ́ sí Òfin-ìpìlẹ̀ tuntun ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 2024: 89 gbà, ẹnìkan kọ̀, ẹnìkan kò dá sí i. Wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò ní oṣù tí ó tẹ̀lé e. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 29 oṣù Kẹrin, a dìbò: ìjókòó ti kúrò ní 91, ó di 113, àgbègbè ìdìbò sì di 39. UNIR gba 108. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 2025, Faure Gnassingbé di Olórí Ìgbìmọ̀ Mínísítà, Jean-Lucien Savi de Tové sì di Ààrẹ. Kò sí olùdìbò Ogou kan tí ó rí orúkọ èyíkéyìí nínú oyè méjèèjì lórí ìwé ìbò rẹ̀.

Aṣojú tí a lè bá pàdé lọ́jà ni ìgbìmọ̀ ìlú. Oṣù Kẹfà 2019 ni a tó tún dìbò yàn wọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1987. Ogou pín sí ìlú-ìjọba 4, Atakpamé jẹ́ Ogou 1. Pẹ̀lú wọn, a lè fi Ifẹ̀ tàbí Ewé sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀. Ọwọ́ wọn náà sì dé Lomé, nítorí pé àwọn àti ìgbìmọ̀ ẹkùn ni wọ́n ń yan 41 nínú àwọn 61 tí ó wà ní Sẹ́nẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ 15 oṣù Kejì 2025 ni wọ́n dìbò yẹn. Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú tí a yàn ní 2019, tí ọdún mẹ́fà wọn ti ń lọ sópin, ni wọ́n dìbò. Àwọn tí a yàn dípò wọn wọlé ní oṣù Keje, oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí ètò ti parí.