Sẹ̀ríkí: Ọba ni lọ́dọ̀ Haúsá, ìjòyè ni lọ́dọ̀ wa

Ẹ̀yin èèyàn wa, tí wọ́n bá ní Sẹ̀ríkí ń wọlé bọ̀ níbi ìnáwó, ta ló ń wá sí yín lọ́kàn? Ìjòyè ni, àbí? Bẹ́ẹ̀ 'sarki' tí a ti yá a, ọba gan-an ló ń jẹ́ lédè Haúsá! Nígbà tó dé Ìbàdàn, ó di oyè olórí àwọn ọ̀dọ́ jagunjagun, kò sì tó Balógun.

Ọ̀rọ̀ kì í gbé adé rìnrìn àjò. Ní Amẹ́ríkà, 'sachem' ni àwọn ọmọ onílẹ̀ kan ń pe olórí wọn. Àwọn òyìnbó yá a, ó sì di oyè nínú ẹgbẹ́ Tammany ní New York, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1789. Olóṣèlú lásán ń jẹ́ sachem!

Ẹ wá wo Kàbbà. Àwọn Núpé Bídà jẹ gàba lé wọn lórí kí Royal Niger Company tó ṣẹ́gun Bídà ní 1897. Síbẹ̀, Ọbaro ni ọba wọn ń jẹ́ dòní, Ọbadòfin àti Ọbajẹmu sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ Sẹ̀ríkí, kó jẹ ẹ́, kò sí ìjà. Àmọ́ orúkọ oyè tiwa, ẹ má jẹ́ á fi tọrẹ o.