Start-stop: kí ló dé tí bọ́tìnì náà kì í rántí pé a ti pa òun?

Ní oṣù Kejì ọdún 2026, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti fagi lé àǹfààní tí àwọn iléeṣẹ́ mọ́tò ń rí gbà nítorí start-stop, ẹ̀rọ tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Lee Zeldin, ọ̀gá àjọ EPA tó ń mójú tó àyíká níbẹ̀, ti ń bú ẹ̀rọ yìí láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe gbọ́ ọ ni pé Amẹ́ríkà ti fòfin de start-stop. Kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Kò sí òfin tó fi túláàsì mú iléeṣẹ́ kankan láti fi í sínú mọ́tò tẹ́lẹ̀. Máàkì ni wọ́n ń fún ẹni tó bá fi í sí i, máàkì yẹn ni wọn kò fún wọn mọ́. Mọ́tò tó ti ní in, ó ní in náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Lójú títì tó ti Òrè wọ Òkìtìpupa, Corolla àti Camry ọlọ́jọ́ pípẹ́ ṣì pọ̀, àwọn yẹn kò mọ ohun tí à ń sọ. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ tó ń wọlé ti ń yàtọ̀: Benz, BMW, Range Rover, àti díẹ̀ nínú Highlander ọdún 2017 sókè. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra irú rẹ̀, tí ọlọ́pàá dá dúró lójú ọ̀nà, tó tẹ bíréékì tí ẹ́ńjìnnì sì kú wẹ́lẹ́, àyà rẹ̀ á já. Ọ̀dọ̀ rewáyà ló máa gbà lọ: "Ọ̀gá, mọ́tò yìí ń kú lọ́wọ́ mi o." Rewáyà tó mọṣẹ́ á rẹ́rìn-ín, á fi bọ́tìnì kan hàn án tí wọ́n kọ A sí, tí ọfà yí i po. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, iná kékeré á tàn, ó parí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, bó bá tún sítáàtì ọkọ̀, bọ́tìnì ti gbàgbé.

Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe é kò lè jẹ́ kó rántí. Ìdánwò epo ló fà á. Kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé pé mọ́tò kan ń jẹ epo báyìí báyìí, ipò tí ọkọ̀ wà gẹ́lẹ́ bí a bá ṣe tàn án ni wọ́n fi ń dán an wò. Bọ́tìnì tó bá rántí pé wọ́n pa òun lánàá máa ba máàkì jẹ́. Ní Yúróòpù, ìdánwò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní NEDC máa ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ọkọ̀ sì máa ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò yẹn dúró lójú kan. Nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń pa ẹ́ńjìnnì ní ìdúró di ọ̀nà àbùjá sí máàkì gidi. Nígbà tí WLTP gba ipò rẹ̀ ní 2017, ìdúró yẹn já wálẹ̀ sí bí ìdá 13 nínú 100. Ní Amẹ́ríkà, mọ́tò tuntun tó ní start-stop kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ní 2012. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó ti tó bí ìdajì.

Èrò náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Toyota ti gbé e wọ Crown ní 1974. Ohun tó yí padà ni kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀. Kó tó pa ẹ́ńjìnnì, ó ti wò ó bóyá bátìrì yó, bóyá ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó, bóyá awakọ̀ de bẹ́líìtì, bóyá inú ọkọ̀ ti tutù tó bí AC ṣe fẹ́. Bí ẹyọ kan bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ́ńjìnnì kò ní kú. Ti AC yìí kàn wá gan-an: nínú oòrùn ọ̀sán Òkìtìpupa, ẹ̀rọ náà lè má pa nǹkan kan láti òwúrọ̀ dalẹ́, nítorí ẹ́ńjìnnì ló ń yí AC ọ̀pọ̀ mọ́tò.

Ṣé ó ń dín epo kù? Ó ń dín in kù. Argonne, ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà kan, ti wọ̀n ọ́n: bí ìdúró bá ti ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ, epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó lásán ti ju èyí tí a fi máa tún un tan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń ṣiṣẹ́ ní ìdúró máa ń jó bí ìdajì lítà sí lítà kan ní wákàtí kan. Bí a bá mú un ní 0.6, ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá dúró lóòjọ́ máa jó lítà kan lásán láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Lítà tó wà lábẹ́ ₦200 kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023 ti ré kọjá ₦1,000 nígbà kan nínú ọdún 2024, nítorí náà kì í ṣe nǹkan ẹ̀gàn. Ẹni tó ń há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojota àti Oshodi lójoojúmọ́ máa rí èrè rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ń ti Òkìtìpupa lọ sí Òde-Ìrèlè, níbo ló ti fẹ́ dúró tó bẹ́ẹ̀?

Bátìrì ni owó ńlá wà. Mọ́tò start-stop kì í lo bátìrì olómi lásán. AGM tàbí EFB ni, tó lè fara da títàn léraléra, ó sì wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Sítátà rẹ̀ náà lágbára ju ti àtijọ́ lọ, torí náà ìbẹ̀rù pé títàn-pípa máa tètè jẹ sítátà kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bátìrì ni kí a bẹ̀rù fún. Àwọn kan á ní níwọ̀n ìgbà tí àwọn ti pa start-stop, bátìrì olówó pọ́ọ́kú ti tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo mọ́tò. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò Yúróòpù, kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ fún ọ́tánétọ̀ ìgbà tó máa cháàjì, ó sì lè mọ̀ọ́mọ̀ má jẹ́ kí bátìrì kún tán, kí àyè lè wà fún iná tó ń wọlé nígbà tí ọkọ̀ bá ń rọra dúró. AGM fara mọ́ ìyẹn. Bátìrì olómi tí kì í yó máa ń tètè bàjẹ́, bọ́tìnì ìbáà wà ní pípa.

Lójú tèmi, ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì náà láràárọ̀ nílẹ̀ Ìkálẹ̀ kò pàdánù púpọ̀. Èyí tí mi ò fọwọ́ sí ni kí rewáyà máa gé wáyà kí bọ́tìnì lè dákẹ́ títí láé. Nǹkan mìíràn lè máa gba ojú wáyà yẹn kọjá.

Bí ẹ̀rọ náà bá sì jáwọ́ fúnra rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì kò kú ní ìdúró mọ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan bọ́tìnì, tí AC kò sì sí ní títàn, kí a má tíì máa yọ̀. Bí bátìrì bá ń rẹ̀, start-stop ni kọ̀ǹpútà máa ń kọ́kọ́ fi sílẹ̀, kí iná tó kù lè tó sítátà. Kí rewáyà fi mítà wọ̀n ọ́n kí ọkọ̀ tó kọ̀ láti tàn láàárọ̀.