Ọjọ́ Mẹ́ta ní Kúbà: Kí Ni Ojú Yín Yóò Rí?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn àgbà ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó dé ìlú onílùú lè rìn káàkiri láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ó lè rí ilé gíga, kí ó rí òkun, kí ó rí ọjà, kí ó sì padà sílé láìmọ ohun tó rí. Kò bèèrè ẹni tó kọ́ ilé náà. Kò bèèrè ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọ.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó sọ̀rọ̀ nípa ìrìn àjò kúkúrú sí orílẹ̀-èdè Kúbà. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni a ó fi wo ibẹ̀. Ẹ fi ọkàn bá wa lọ, nítorí ọ̀rọ̀ Kúbà kan àwa tí à ń sọ Yorùbá ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́.

Ibo ni Kúbà wà?

Kúbà jẹ́ erékùṣù, èyí ni pé omi yí i ká. Ó wà ní agbègbè Karibíánì, ní òdìkejì òkun ńlá tí à ń rí ní Kútọnù. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì tó nǹkan bíi kìlómítà 1,250. Síbẹ̀, ilẹ̀ Benin fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ. Èdè Sípéènì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, nítorí ìjọba Sípéènì ló ń ṣàkóso wọn títí di ọdún 1898. Havana ni olú-ìlú wọn. Bí agogo méjìlá ọ̀sán bá lù ní Kétu, òwúrọ̀ ṣì ni ní Havana: agogo mẹ́fà tàbí méje, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a wà nínú ọdún.

Kí ẹ tó lọ

Ẹ wá ìwé ìrìnnà àti ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ aṣojú ìjọba Kúbà ohun tí òfin wí, kí ẹ tó san owó ọkọ̀. Owó pésò ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání pẹ̀lú, nítorí iná mànàmáná ti ń kú lemọ́lemọ́ ní Kúbà láti ọdún mélòó kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó kú jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Epo ọkọ̀ àti oògùn náà wọ́n. Ẹni tó ń lo oògùn, kí ó mú èyí tó máa tó o láti ilé.

Ọjọ́ kìíní: Havana àtijọ́

Ní ẹnu ọ̀nà tí òkun gbà wọ Havana, ẹ ó rí odi olókùúta kan lórí àpáta. El Morro ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1589 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ, ọdún 1630 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Kí ni wọ́n fi odi ńlá bẹ́ẹ̀ ṣe? Ní ayé ìgbà náà, àwọn ọkọ̀ tó ń kó wúrà àti fàdákà lọ sí Sípéènì máa ń péjọ sí Havana kí wọ́n tó la òkun kọjá. Olè ojú omi ń ṣọ́ wọn. Nítorí náà ni wọ́n fi odi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Síbẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà ní ọdún 1762. Nígbà tí Sípéènì gbà á padà ní ọdún 1763, wọ́n bẹ̀rẹ̀ odi mìíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. La Cabaña ni wọ́n ń pè é. Bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ bá lù, wọ́n máa ń yin ìbọn àgbá kan níbẹ̀. Láyé àtijọ́, ìró ìbọn yìí ni ará ìlú fi ń mọ̀ pé wọ́n ń ti ilẹ̀kùn odi ìlú. Lónìí, odi ìlú ti wó, kò sí ilẹ̀kùn mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí àṣà náà parẹ́.

Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan òkúta odi wọ̀nyí, ẹ rántí pé ẹrú wà lára àwọn tó gbé wọn. Ènìyàn dúdú ni àwọn ẹrú náà, láti ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kó wọn wá.

Ní ọ̀sán, ẹ rìn ní àwọn òpópónà tóóró ti Havana àtijọ́. Ní ọdún 1982, àjọ UNESCO kọ orúkọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi tó yẹ kí gbogbo ayé tọ́jú. Ní òpópónà tí wọ́n ń pè ní Obrapía, ilé kan wà tó ń jẹ́ Casa de África, èyí ni Ilé Áfíríkà. Ohun ọnà àti ohun èlò ilẹ̀ wa ni wọ́n kó jọ síbẹ̀.

Nígbà tí oòrùn bá rọ̀, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń ná ìlú Regla. Kò pẹ́ rárá tí yóò fi gúnlẹ̀. Ẹ ó rí ṣọ́ọ̀ṣì kan létí omi. Ère Màríà tó wà nínú rẹ̀ dúdú. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá síbẹ̀ ń pè é ní Yemayá. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: Yemọja ni. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án lọ́dọọdún, èrò máa ń kún ibẹ̀, àwọn mìíràn nínú aṣọ búlúù.

Bí ẹ bá tẹ́tí sí àdúrà àwọn olórìṣà Kúbà, ẹ ó gbọ́ «omi tuto». Ẹ ó gbọ́ «aché», ẹ ó gbọ́ «iyalocha». Omi tútù ni, àṣẹ ni, ìyálóòṣà ni. Àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ọ́, wọn kò sì dé Kétu rí. Baba ńlá wọn ló gbé e lọ. Wọn kò ní ẹrù lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀; ẹnu nìkan ni wọ́n fi gbé e.

Ọjọ́ kejì: Matanzas

Ìlú Matanzas wà ní ìlà-oòrùn Havana, nǹkan bíi kìlómítà 100 síra wọn. Ẹ gbéra ní kùtùkùtù, kí ẹ lè padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Odi kan wà níbẹ̀ létí òkun tó ń jẹ́ San Severino. Ọdún 1693 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lónìí, wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ìtàn tó ń sọ nípa òwò ẹrú.

Kí ló mú òwò ẹrú gbilẹ̀ níbẹ̀? Ṣúgà ni. Láàárín ọdún 1800 sí 1870, ilẹ̀ Matanzas kún fún oko ìrèké. Ìrèké tí a bá gé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a kò bá tètè fún omi rẹ̀, yóò kan. Nítorí náà, lákòókò ìkórè, ẹrú ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Àwọn kan ń gé ìrèké, àwọn kan ń fún un, àwọn kan ń dá iná sábẹ́ ìkòkò ńlá. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará wa, tí ogun kó nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ ń fọ́. Èbúté Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Wídà ni wọ́n ti kó wọn sọ́kọ̀.

Ní Kúbà, «Lucumí» ni wọ́n ń pe àwọn tó ń sọ èdè wa. Àwọn kan ní láti inú «olùkù mi» ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, èyí tó túmọ̀ sí ọ̀rẹ́ mi.

Nítòsí Matanzas, oko ìrèké àtijọ́ kan wà tó ń jẹ́ Triunvirato. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá ọdún 1843, àwọn ẹrú oko náà dìde sí olówó wọn. Obìnrin kan wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Carlota ni wọ́n ń pè é, Lucumí ni. Wọ́n lọ láti oko dé oko, wọ́n ń tú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Ọmọ ogun ìjọba borí wọn níkẹyìn, wọ́n sì pa Carlota. Ère ìrántí wà níbẹ̀ lónìí. Nígbà tí Kúbà rán ọmọ ogun lọ sí Àǹgólà ní ọdún 1975, orúkọ Carlota ni wọ́n fi pe iṣẹ́ náà.

Ẹ dúró díẹ̀ níwájú ère náà, kí ẹ ro orúkọ yìí wò. Carlota jẹ́ orúkọ Sípéènì. Ẹni tó rà á ló fún un. Lucumí náà, akọ̀wé olówó ẹrú ló kọ ọ́ mọ́ ọn, bí ẹni kọ orúkọ ọjà tí ẹrù ti wá. Orúkọ tí ìyá àti baba rẹ̀ sọ ọ́ ńkọ́? Oríkì rẹ̀ ńkọ́? Kò sí nínú ìwé wọn. Ẹni tó mú kálámù lọ́wọ́ ló yan ohun tí ayé yóò mọ̀.

Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó parí pátápátá nínú òfin Kúbà. Ọkọ̀ ẹrú ti dẹ́kun àtimáa lọ síbẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú. Ẹ̀yin ará Kétu mọ ọdún 1886 náà dáadáa. Ọdún náà ni ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, tí wọ́n sì kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú. Ọdún tí ẹrú ń bọ́ ní Kúbà, ọdún náà ni wọ́n ń de ará Kétu lókùn.

Ọjọ́ kẹta: ilé àtùpà

Ọ̀pọ̀ àlejò kì í dé ibi tí a fẹ́ mú yín lọ ní ọjọ́ kẹta. Ó wà ní Marianao, ní Havana kan náà. Bárékè ológun ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1959, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Nínú ọgbà náà ni ilé ìtàn ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wà.

Ní ọdún 1961, ìjọba Kúbà pinnu pé gbogbo àgbàlagbà tí kò mọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ́ ọ láàárín ọdún kan. Nǹkan bí ọ̀dọ́ 100,000 fi ilé bàbá wọn sílẹ̀, wọ́n lọ sí abúlé. Ní ọ̀sán, wọ́n ń bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ lóko. Ní alẹ́, wọ́n ń kọ́ ọ ní ìwé. Iná kò sí ní abúlé, nítorí náà àtùpà ni wọ́n gbé dání. Ìdí nìyí tí àtùpà fi di àmì iṣẹ́ náà. Ewu sì wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀tá ìjọba pa olùkọ́ ọmọ ọdún 18 kan, ọmọ aláwọ̀ dúdú, Conrado Benítez, ní oṣù kìíní ọdún náà.

Nígbà tó fi di ọjọ́ 22 oṣù kejìlá, àgbàlagbà 707,212 ti mọ ìwé kọ. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá arúgbó kan, María de la Cruz. Ẹni ọdún 106 ni. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí. Ẹ̀yin tó ń sọ pé ọjọ́ orí yín ti pọ̀ jù fún ìwé, ẹ gbọ́ bí?

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ti yege? Ó gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí Fidel Castro, olórí ìjọba. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà wọ̀nyí ló wà nínú ilé ìtàn náà. Ọwọ́ tó ń gé ìrèké ló kọ púpọ̀ nínú wọn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ wà níbẹ̀, ẹni tó ni orúkọ ló sì kọ ọ́.

Kí ni a rí?

Ní ọjọ́ kìíní, a rí òkúta tí ẹrú gbé, tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn. Ní ọjọ́ kejì, a rí orúkọ tí ẹlòmíràn kọ fún ọmọ ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ kẹta, a rí àgbàlagbà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀.

Owó ọkọ̀ sí Kúbà wọ́n, kì í ṣe gbogbo wa ni yóò lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ kẹta kò gba ọkọ̀. Ní alẹ́ yìí, ẹ jókòó ti ẹni tó dàgbà jù ní agbo ilé yín. Ẹ bi í ní orúkọ baba ńlá yín, àti oríkì ilé yín, àti àwọn tí ogun kó lọ tí wọn kò padà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí lẹ́tà kò bá tíì gún, kò burú. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè yìí:
1. Kí ni ìbọn agogo mẹ́sàn-án alẹ́ wà fún láyé àtijọ́?
2. Ta ló sọ Carlota ní Carlota?
3. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Kétu ní ọdún 1886? Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Kúbà ní ọdún kan náà?
4. Ẹ kọ orúkọ yín, orúkọ ìyá yín àti orúkọ ìyá tó bí ìyá yín.