Ìpàdé Ìdí Férémù Tí Ó Di Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ní Wilcox County, ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú a máa fi àjákù aṣọ rán aṣọ ìbora. Olúkúlùkù a to ojú aṣọ tirẹ̀ nílé. Lẹ́yìn náà wọn a péjọ yí férémù igi ká, wọn a tẹ́ òwú sí àárín, wọn a jọ rán an mọ́ aṣọ ìsàlẹ̀.

Nígbà tí àwọn onílẹ̀ kan ń lé àwọn àgbẹ̀ tí ó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, irú ìpàdé yìí ni ó di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Freedom Quilting Bee ní 1966. Wọ́n ta aṣọ dé New York. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ní 1969, wọ́n sì tà lára ilẹ̀ náà fún àwọn ìdílé tí a lé. Ní 1967, wọ́n wà lára àwọn tí ó dá àpapọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà kógbá sílé ní 2012, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà fún wa: ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Bí a bá pe ìpàdé àpapọ̀ wa, ẹ má ṣe jókòó sílé.